Okùn Àárín Bàbá àti Ọmọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dun Àbíkẹ́yìn tó, àfi kó kọ́kọ́ mọ bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe rí.

Ojú náà kò tíì fọ́. Bàbá kì í tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ìfọ́jú létí òun. Àrùn kan ló ń ti etí ojú jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa okùn ẹnu àpò pọ̀. Nígbà kan, bó bá jókòó sí pálọ̀, ó ń rí pálọ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó yá, ó di kó máa rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kó má rí ẹni tó jókòó ti onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ ọkọ̀ ojú omi yìí, ó ti dà bí ẹni tó ń gba inú páìpù yọjú wo ayé. Ohun tó bá bọ́ sí ọ̀gangan ẹnu páìpù náà, ó ń rí i kedere. Ohun tó bá fi ìka kan yẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò sí láyé.

Dókítà olójú kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní oògùn tí òun ń kán sí i, ẹ̀bẹ̀ ni oògùn náà ń bẹ àrùn, kò lágbára àtilé e. Ó ní ohunkóhun tí Bàbá bá fẹ́ wò láyé, kí wọ́n má fi falẹ̀.

Bàbá gbọ́, ó mi orí, ó dìde. Ìgbà tí wọ́n dé inú mọ́tò ló tó sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn àti òjò: "Mo fẹ́ rí àbùùbùtán."

"Kí lẹ fẹ́ rí?" Màmá bi í.

"Àbùùbùtán. Ẹran omi ràbàtà tó wà lókun. Kí n fojú ara mi rí i."

"Ojú tó ṣẹ́ kù, ẹ ò wá fi wo àwọn ọmọ-ọmọ yín!"

"Mo ti wò wọ́n. Ìwọ ni wọ́n jọ. Ìwọ náà ni mo sì ti ń wò láti gbogbo ọdún yìí."

Màmá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Láti ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìrìn àjò.

Kì í ṣe pé Bàbá ṣàdédé gbé àbùùbùtán sọ́kàn. Ajórin abẹ́ omi ni, èbúté ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bí ìdí ọkọ̀ ńlá bá lu, bí irin afárá èbúté bá jẹra, Bàbá ni yóò gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tí yóò mòòkùn lọ jó o pọ̀. Omi èbúté kì í sì í ṣe omi tí wọ́n ń rí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, epo ni, ìdọ̀tí ni. Ọwọ́ ló fi ń wá irin, ọwọ́ ló fi ń mọ ibi tó sán. Ó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú òkun, kò sì rí òkun. Lọ́jọ́ kan tó wà ní ìdí ọkọ̀ kan, ohùn kan gba inú omi wá, ó wọ inú egungun àyà rẹ̀, ó sì gbọn ọ́n. Bàbá pa iná, ó dì mọ́ irin. Nígbà tó gòkè, àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àbùùbùtán ló ń kọjá lọ́nà jíjìn tó ń kọrin, wọ́n ní kó lọ jẹun. Bàbá jẹun, ṣùgbọ́n orin náà kò kúrò láyà rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ tó kù ti bá iṣẹ́ àti ilé ọkọ lọ. Àbíkẹ́yìn ló wà nílé, òun nìkan ló sì kọ́ mímòòkùn lára bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń sọ pé bí iná bá ń jó aṣọ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ tọrọ gáfárà kó tó pariwo. Òun ló máa ń kán oògùn sójú Bàbá. Òun náà ni yóò bá a lọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tí ń gbé èèyàn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ilé ni, tó ń léfòó. Yàrá wà nísàlẹ̀, ibi ìjẹun wà láàárín, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n to àwọn sílíńdà sí bí ìgò nínú páálí. Ẹ ó sùn síbẹ̀, ẹ ó jí síbẹ̀, bílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó mòòkùn lọ wo ohun tí Ọlọ́run fi sínú omi.

Atọ́nà wọn lábẹ́ omi jẹ́ obìnrin kan tí oòrùn ti sun imú rẹ̀ pọ́n. Kò tètè gbà kí Bàbá mòòkùn. Ó ní gbogbo amòòkùn ló ń fi ìka sọ̀rọ̀ nínú omi, ẹni tí kò bá wá lè rí ìka ńkọ́?

"Ìyá mi," Bàbá ní, "kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn." Ó wá fa okùn kan yọ nínú àpò rẹ̀, okùn èbúté, tó ti funfun nítorí iyọ̀.

Bí àwọn ajórin abẹ́ omi ṣe ń fi okùn sọ̀rọ̀ rèé. Wọ́n á so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni méjì. Bí a bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ìbéèrè ni: ṣé o wà dáadáa? Ẹni tí a bi á fà á lẹ́ẹ̀kan padà: mo wà. Ẹ̀ẹ̀mejì: dúró ná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin: ó yá, ká máa gòkè. Bí okùn bá wá ń jà gìdìgìdì láìníye, ẹnìkan ti kó sí wàhálà nìyẹn, kò sí àlàyé, gòkè ni. Bí a bá sì bi okùn tí okùn kò dáhùn, a kì í bi í lẹ́ẹ̀kejì. A ó tọ okùn náà lọ, ọwọ́ lé ọwọ́, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀. Òfin yìí ti wọ Bàbá lára débi pé, bí Màmá bá fa apá aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú oorun, ọwọ́ rẹ̀ á fà á padà kó tó mọ̀.

Ẹnu ya Atọ́nà. Ó gbà. Ṣùgbọ́n nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tún gbé ọ̀rọ̀ dé.

"Bàbá, okùn yín dára. Fífà wo wá ni ti àbùùbùtán? Bó bá yọ, báwo lọmọ yín ṣe máa sọ fún yín pé ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì?"

Bàbá fi ṣíbí lélẹ̀. "A kì í sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i."

"Ọmọ kẹ̀? Ẹja tó ju ilé lọ!"

"Kì í ṣe ẹja," Alásè ọkọ̀ dá sí i látinú kíṣìnnì. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n-ọn ni, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè kọjá lára rẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án. "Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ wo bí ọmú yẹn ṣe máa tóbi tó."

"Kò sì léyín," ni Dókítà Eléyín wí, èrò ọkọ̀ bíi tiwọn, tó gbé kámẹ́rà abẹ́ omi dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Irú èyí tí à ń wá yìí, kò léyín kankan lẹ́nu. Òun nìkan lẹ̀dá tí kò lè ṣe oníbàárà mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yí ohùn padà. "Bí mo bá ti ya fífà kan sọ́tọ̀ fún un, ó máa gbọ́, kò sì ní wá. Ẹ jẹ́ kó wá ná. Nǹkan tó tóbi tó yẹn, ṣé wọ́n ń fọwọ́ júwe ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Àbíkẹ́yìn. Ó fẹ́ sọ pé, Bàámi, bó ṣe tóbi tó yẹn gan-an ni ò ṣe ní gba inú páìpù yín. Ó fẹ́ sọ pé, ẹ jẹ́ ká yan fífà márùn-ún, kò lè pa wá lára. Ṣùgbọ́n báwo lọmọ ṣe máa ka àìlera baba rẹ̀ sílẹ̀ lójú èrò, lórí tábìlì oúnjẹ? Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó bu tíì fún Bàbá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó mọ òwe náà dáadáa, wọ́n ti fi kọrin fún un rí.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń mòòkùn, òkun ṣe wọ́n lálejò. Wọ́n rí ìjàpá òkun tó ń jẹ koríko bí arúgbó tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun nídìí oúnjẹ. Bàbá gbé ojú rẹ̀ lé e lórí, ó gbé e lé e lọ́rùn, ó gbé e lé e lẹ́yìn, bí ẹni ń ka ìwé lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí ẹja pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bí ẹní, tó ń fi etí méjèèjì fò nínú omi bí ẹyẹ. Omi mọ́ gaara. Bàbá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, Àbíkẹ́yìn fà á padà, ó sì rí i pé afẹ́fẹ́ ń hó jáde lẹ́nu Bàbá wìì, wìì, wìì. Ẹ̀rín ló ń rín. Bí wọ́n bá gòkè, Alásè á na ọwọ́ fún wọn, á wo bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, á ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ìdílé Pẹ́pẹ́yẹ."

Ṣùgbọ́n àbùùbùtán kò wá.

Wọ́n ṣí kúrò níhìn-ín, wọ́n lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀gá atukọ̀ fi awò ọlọ́nà jíjìn wo òkun títí ojú fi ro ó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí omi tó tú sókè lókèèrè bí èéfín. Gbogbo wọn já wọ ọkọ̀ kékeré onírọ́bà, wọ́n sá eré dé ibẹ̀, wọ́n bá ojú omi tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n da epo sí i.

"Ṣé ó wà ńbẹ̀?" Bàbá bi Àbíkẹ́yìn.

"Ó ti lọ, Bàámi."

"Ó dáa."

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, abẹ́ omi ni wọ́n wà nígbà tí orin náà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tó ń dún, ó lọ sísàlẹ̀, ó di ohun tí etí kò gbọ́ mọ́, àyà nìkan ló gbọ́ ọ. Bàbá gbé ọwọ́ lé àyà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí yí, díẹ̀, díẹ̀, ó ń fi páìpù rẹ̀ wá gbogbo inú búlúù náà, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Àbíkẹ́yìn tí ojú tirẹ̀ pé náà ń yí. Kò sí nǹkan kan. Orin ń gba ibi gbogbo wá, olórin kò sí níbì kan. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí òkun? Wọn kì í fi ọwọ́ pè é, wọn kì í ránṣẹ́ sí i.

Ohun tó burú jù ni pé páìpù náà ń tín-ín-rín sí i. Àbíkẹ́yìn rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan nídìí oúnjẹ. Bàbá na ọwọ́ sí ife tíì, ọwọ́ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó bà lé tábìlì. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ra tábìlì kiri, bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń nù ún. Alásè rí i. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó kàn rọra ti ife bọ́ sábẹ́ ọwọ́ Bàbá.

"Bàbá, ẹ má bá mi nu tábìlì mi. Mo ti nù ún. Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Mo rò pé èérí wà níbẹ̀ ni," Bàbá ní, ó sì mu tíì rẹ̀.

Nígbà tí Àbíkẹ́yìn ń kán oògùn sí i lójú nínú yàrá, Bàbá bi í pé, "Iná yàrá yìí, ṣé wọ́n ti dín in kù ni?"

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan iná. "Bóyá, Bàámi," ló wí. Ó dúró síbẹ̀, ìgò oògùn lọ́wọ́, ẹ̀kán kan lójú ọ̀tún, ẹ̀kán kan lójú òsì. Ìyẹn nìkan ni agbára rẹ̀ ká.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ọ̀gá atukọ̀ pè wọ́n jọ láàárọ̀, ó ní ìjì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní wọ́n á mòòkùn lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n bá ti gòkè, ilé yá.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ rọ́bà, Àbíkẹ́yìn fún ọ̀fun rẹ̀ lágbára. "Bàámi, nípa okùn yẹn..."

"Kí ló ṣe é? Ó ti gbó?"

"Rárá sà. Mo ní, bó bá wá..."

"Bó bá wá, ó wá nìyẹn." Ó fọwọ́ gbá a léjìká. "Má kó ara ẹ sókè. So ó kó le."

Àbíkẹ́yìn so ó. Ó so ó kó le.

Abẹ́ omi kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà lókè. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Atọ́nà ń lọ níwájú, Dókítà Eléyín àti kámẹ́rà rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, Bàbá àti ọmọ rẹ̀ ló kẹ́yìn. Bàbá tẹjú mọ́ òkúta kan tí ẹja wẹ́wẹ́ ń wọlé jáde nínú rẹ̀, ó kọjú sí i, ó kẹ̀yìn sí òkun gbalasa.

Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ rí i. Ó dà bíi pé omi ń dì. Búlúù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń ṣú, ó ń ṣú, ó wá di ara. Orí ló kọ́kọ́ jáde, orí tó rí kókó-kókó, tó kún fún àpá. Lẹ́yìn náà ni apá funfun kan tó gùn bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tó ń wa omi pẹ̀lẹ́. Ara náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò tán. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tí wọ́n rí. Lábẹ́ apá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń bá a bọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí wọ́n mú lọ síbi tí kò mọ̀.

Ọwọ́ Àbíkẹ́yìn fa okùn.

Ó fà á, ó tún fà á, ó ń fà á. Ayọ̀ ni, ẹ̀rù ni, ó fẹ́ pariwo, inú omi ò sì gba ariwo. Kò ka iye tó fà. Kò rántí pé fífà níye. Igbe tí kò ké láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ọwọ́ rẹ̀ ló gbà jáde.

Bàbá yí padà wìrì. Ara tó ti kọ́ iṣẹ́ kì í gbàgbé. Kò wò yíká, òfin kò ní kó wò yíká. Okùn ló tọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó di okùn èjìká rẹ̀ mú, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú rẹ̀ débi pé gíláàsì tó bo ojú wọn kanra. Gbogbo ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún un láyé, ojú Àbíkẹ́yìn ló kó o lé. Ó ń wò ó bóyá ó ń mí.

Àbíkẹ́yìn nawọ́: lẹ́yìn yín! Ọwọ́ náà wà lẹ́yìn òde páìpù. Ó nà án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbá orí Bàbá mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fẹ́ yí i. Ẹni tí omi bá fẹ́ gbé lọ, orí ẹni tó wá yọ ọ́ ló máa ń dì mọ́, gbogbo ajórin abẹ́ omi ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá rọra bọ́ ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí ara rẹ̀, ó fi apá kan há wọn mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e gòkè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má yára jù, bí ẹni gbé ẹyin.

Lókè èjìká rẹ̀, àbùùbùtán ń kọjá. Ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àbíkẹ́yìn rí ojú rẹ̀. Ojú náà yí nínú ihò rẹ̀, ó wò wọ́n, òun àti ọkùnrin tó kẹ̀yìn sí i, ó wò wọ́n kọjá. Ọmọ kọjá. Ìrù kọjá. Omi tí ìrù náà tì wá gbé àwọn méjèèjì sún, Bàbá sì tún dì í mú ṣinṣin sí i, ó rò pé ìgbì ni. Nísàlẹ̀, Atọ́nà ti rí gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló ká lérí.

Búlúù padà di búlúù.

Nígbà tí orí wọn yọ síta, ìgbì ń lù wọ́n lójú. Bàbá tu ohun tó fi ń mí kúrò lẹ́nu. "Mo ti mú ọ. Mí. Mí dáadáa. Kí ló dé? Ṣé afẹ́fẹ́ rẹ ló dí?"

Ẹkún kún inú gíláàsì ojú Àbíkẹ́yìn.

Dókítà Eléyín yọ síta lẹ́yìn wọn, ó ń ké bí ọmọdé. "Ẹ rí i? Ẹ rí i? Tìyátọmọ! Háà! Ọlọ́run ò!"

Ìgbì gbé Bàbá sókè, ó gbé e sílẹ̀. "Ó wá?"

"Ó wá, Bàámi."

"Ìgbà wo? Lẹ́yìn tí a gòkè?"

Àbíkẹ́yìn wo ojú tó kọ sí i yẹn, ojú tó ń wá ojú rẹ̀, tí kò sì tíì rí i. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi," ó wí. "Lẹ́yìn tí a gòkè."

"Ó dáa," Bàbá ní. "Kó o ṣáà ti wà láàyè."

Bí wọ́n ṣe gun ọkọ̀, Àbíkẹ́yìn kò bọ́ aṣọ. Ó gba àtẹ̀gùn lọ bá Ọ̀gá atukọ̀, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Alásè fi yọjú láti kíṣìnnì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ jẹ́ ká padà! Wọn ò lè tíì jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jọ̀ọ́!"

Ọ̀gá atukọ̀ kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn nawọ́ sẹ́yìn, níbi tí ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. "Àbúrò mi, ká ní afẹ́fẹ́ ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, mi ò bá ti bá ọ bẹ̀ ẹ́." Ó yí ọkọ̀ kọjú sílé.

Ibi tí Àbíkẹ́yìn ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Dókítà Eléyín ti jókòó ti Bàbá. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú ló ṣe é, ó kàn fẹ́ ṣe Bàbá lóore. Atọ́nà ń ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mi orí, Dókítà kò rí i. Àbíkẹ́yìn fẹ́ pe orúkọ ẹnì kan, ṣùgbọ́n gbogbo ohùn tó ní ló ti ná tán lókè.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ẹ má bínú pé ẹ ò bá a. Mo ti mú un bọ̀ fún yín. Ẹ dì í mú báyìí, kí oòrùn má kàn án."

Bàbá gbé e sí ọ̀gangan. Ojú ibi tí àwòrán ti ń hàn lára kámẹ́rà náà kò ju páálí ìṣáná lọ, ó gba inú páìpù náà kanlẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀dá tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà, níbẹ̀ ló ti kéré tó kí Bàbá rí i látorí dé ìrù. Ẹnu rẹ̀ là. Ó wò ó bó ṣe ń bọ̀, tìyátọmọ, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dúró.

"Àwọn wo nìyí?"

"Níbo, sà?"

"Àwọn méjì tó wà ní igun yìí. Tí wọ́n ń gòkè. Ta lèyí tó kẹ̀yìn sí i?"

Dókítà Eléyín tẹ orí wò ó. Ìgbà náà ló tó yé e.

"Èmi ni," Bàbá ní. Ó ní kí Dókítà dá àwòrán náà padà sẹ́yìn kí òun tún wò ó, ó sì tún wò ó. Ó wo ọwọ́ tí ọmọbìnrin inú àwòrán náà ń nà. Ó wo ọwọ́ méjèèjì tó fi gbá orí ọkùnrin náà mú. Ó dá kámẹ́rà padà. "Ẹ ṣeun, Dókítà. Ó mà rẹwà o."

Nǹkan kan wà tí bàbá àti ọmọ máa ń ṣe bí wọ́n bá ti gòkè: wọ́n á fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára okùn, wọ́n á nà án láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan dé èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú orí kan dání, kó lè gbẹ nínú afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, wọ́n ṣe é. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, Àbíkẹ́yìn jókòó sí ìkejì níbi tí àwọn sílíńdà wà, ó gbé orúnkún sí àgbọ̀n. Ọkọ̀ ń mì. Omi ń ta sí ilẹ̀ pákó tó wà láàárín wọn.

Okùn fà. Ẹ̀ẹ̀kan.

Ṣé o wà dáadáa?

Àbíkẹ́yìn mọ èsì. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọmọ ọwọ́ lè fà á. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó di okùn mú, ó ní kó fà á. Ọwọ́ náà kò gbà. Láàárọ̀ ó fà á jù, ó wá di ọ̀sán, kò lè fà á rárá.

Okùn kò dáhùn, Bàbá kò sì bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde. Ó mú okùn náà lọ́wọ́ kan, ó gbé èkejì lé e níwájú, ó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ fì í sọ́tùn-ún, ó dúró, ó tún ń bọ̀. Kò gbójú wo ibi tó ń lọ. Ó pa ojú dé pátápátá, bó ti máa ń ṣe ní èbúté. Báàfù omi kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Alásè yọ jáde, ó gbé e kúrò láìdún, ó sì padà wọlé láìdápàárá kankan.

Àbíkẹ́yìn di orí okùn tirẹ̀ mú ṣinṣin.

Ọwọ́ Bàbá tọ okùn náà dé ìdí rẹ̀, ó kan ìka ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì wá ibi tí yóò jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó, aṣọ rẹ̀ ṣì rin. Kò dárúkọ irọ́ tí ọmọ rẹ̀ pa fún un lórí omi.

"Àwòrán yẹn kéré," ó ní. "Mi ò rí ojú ẹ̀. Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?"

Àbíkẹ́yìn la ẹnu. Ojú náà wà níwájú rẹ̀ síbẹ̀, ó ń yí nínú ihò rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó wá ọ̀rọ̀ tó lè kó o sí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọkọ̀ ń mì, Bàbá ṣì pa ojú dé, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúró.